Bíréèkì Tó Jẹ Tán

Láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lórí àwọn òkè Montana ní Amẹ́ríkà ni Orville Tveit ti ń wojú ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí ìyá Kaia ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti kó o lọ sí Seattle, ìlú tó jìnnà. Ní Sátidé tí wọ́n máa sàmì sára àwọn ọmọ màlúù, Kaia ń bọ̀. Ohun tí bàbá yìí ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kóun gun ẹṣin, kí ọmọ-ọmọ òun gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ kékeré, káwọn jọ lọ kó màlúù wálé bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ṣùgbọ́n bíréèkì ẹ̀yìn alùpùpù náà ò mú mọ́. Orville fi jáàkì gbé e, ó tú táyà, ó tú nọ́ọ̀tì àárín. Irin róbótó tó bo bíréèkì ti dípẹtà mọ́ ibẹ̀, kò wá bọ̀rọ̀. Ó ń fi òòlù onírọ́bà gbá a yí ká.

"O ò ní sinmi, àbí?" Lyle, aládùúgbò rẹ̀, yọjú sínú abà. "Ọmọ tó ò ń tún nǹkan ìṣeré ṣe fún lè ti ga jù ẹ́ lọ báyìí o!"

"Kò kàn ẹ́. Gbé sípánà yẹn wá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá ọmọ-ọmọ," ni Lyle fi ṣẹ̀fẹ̀.

Irin náà bọ́. Orville wo inú rẹ̀. Ṣúù bíréèkì méjèèjì tó ń dá táyà dúró ti jẹ tán, irin ló ń ha irin.

"Kí lọmọ yìí fi bíréèkì ṣe?" ni Lyle wí. "Lórí ilẹ̀ títẹ́jú bẹ́ẹ̀? Àfi bí ẹni dì í mú látàárọ̀ dalẹ́!"

Ìgbà náà ló yé Orville. Láàárín àwọn tó ń da màlúù níbẹ̀, àfojúdi gbáà ni kéèyàn ya ẹṣin ẹni tó ń ṣíwájú sílẹ̀ kó kọjá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Kaia bẹ́ẹ̀. Ẹṣin rẹ̀ sì ti darúgbó, bí ìgbín ló ń wọ́. Gbogbo ìgbà ẹ̀rùn tí Kaia lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣe lọmọ náà ń di bíréèkì mú kó má baà kọjá bàbá rẹ̀ àgbà. Àárò ọmọ náà sọ ọ́.

Ó fi ṣúù tuntun sí i, ó so sípírínǹgì, ó fi gírísì díẹ̀ síbi tó yẹ, ó sì fa wáyà bíréèkì le títí tó fi mú dáadáa.

Kaia dé. Ó ti ga fíofío. Bó ṣe jókòó sórí alùpùpù náà, orúnkún rẹ̀ kan ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ wò mí bí àkèré!"

Lyle tó dúró nítòsí ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn sì tún dun Orville ju yẹ̀yẹ́ lọ.

"Gbé alùpùpù tèmi, ńlá yẹn," ni bàbá náà wí. "Má dúró dè mí o. Ẹṣin yìí ò lágbára mọ́. Máa sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ tó ti lọ síbi màlúù."

Ó gun ẹṣin, ó kọjú sí ọ̀nà òkè, kò bojú wẹ̀yìn. Kò fẹ́ rí i bó bá ń kọjá lọ. Ó ń retí kí ariwo ẹ́ńjìnnì náà ya òun sílẹ̀.

Kò yà á. Lẹ́yìn rẹ̀, bíréèkì alùpùpù ńlá náà ń han, Kaia tú u sílẹ̀, ó tún han. Omi lé ròrò sójú Orville. Ibi tí àwọn màlúù wà ò jìnnà mọ́. Ó fa ìjánu, kí ẹṣin náà lè túbọ̀ rọra rìn.