Gbólóhùn Kan Lórí Orúnkún Òsì

"Ẹ sọ fún un pé mi ò sí nílé," ni Marquell wí jẹ́jẹ́, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń lé adìẹ.

Lorraine, ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Ó nu ọwọ́ tó fi ń ro ẹ̀wà pupa mọ́ aṣọ ìdáná, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ìyáàfin Tolliver! Brent Haskell nìyí o. Ṣé ẹ ṣì rántí mi?"

"Kí ló dé tí n kò ní rántí yín? Abọ́ ọbẹ̀ gọ́ńbò mẹ́ta lẹ jẹ nínú ilé yìí lóṣù kẹta."

Ohùn inú fóònù rẹ́rìn-ín. Haskell ni ọ̀gá tó ń yan eléré fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan. Lóṣù kẹrin, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jókòó láti yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló dárúkọ Marquell, ẹni kejìlélógójì. Gbogbo àdúgbò wọn ní ìlú Bogalusa ló jó lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n oṣù keje ti ń lọ sópin báyìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wọ àgọ́ ìdánrawò lọ́la, Marquell kò sì tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i kò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí.

Kì í ṣe iye owó ló dá a dúró. Iye tí ẹni kejìlélógójì máa gbà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó yàn án, kò sẹ́ni tó ń dúnàádúrà lórí rẹ̀. Gbólóhùn kan ni, tí wọ́n há sí ojú ewé kọkànlá: bí orúnkún òsì bá dá eléré yìí dúró, ẹgbẹ́ lè lé e lọ láìsan sẹ́ńtì kan nínú owó rẹ̀ tó kù.

Àwọn ará ìta kò mọ èyí. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ti lọ sọ fún àwọn oníròyìn pé ojúkòkòrò ọmọ náà ti pọ̀ jù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, bàbá tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì láti kékeré bi í pé ṣé ilé oníwúrà ló fẹ́ fi owó náà kọ́. Marquell rẹ́rìn-ín ni, nítorí aṣojú rẹ̀, ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ àdéhùn fún un, ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Bí ọmọ bíbí inú mi ni mo ṣe mú Marquell," ni Haskell ń wí. "Aṣojú rẹ̀ yẹn ló ń ṣì í lọ́nà."

"Ohun tí mo ń sọ látàárọ̀ nìyẹn!" ni Dub, àbúrò Lorraine, ké jáde láti ìdí fìríìjì.

"Dub, ìwọ ni wọ́n pè ni?" Lorraine tún kọjú sí fóònù. "Ọ̀gbẹ́ni Haskell, ọkọ̀ ọmọléèwé ni mò ń wà, n kì í ṣe lọ́yà. Ẹ la ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Kí ẹ tó yàn án, dókítà mélòó ló yẹ orúnkún yẹn wò?"

"Wọ́n tó mẹ́fà."

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa?"

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fà á, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Koko ló le."

"Kí ló wá dé tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé bí orúkọ olè?"

Dub bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìlànà lásán ni, ìyáàfin."

"Bó bá jẹ́ lásán, ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹfà, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé..."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹfà?"

Ẹ̀wà ń hó lórí iná. Marquell ń wo ilẹ̀.

"Mo rò pé ó ti sọ fún yín ni," ni Haskell wí, ẹ̀rín ti kúrò lóhùn rẹ̀. "Nǹkan kékeré ni. Ẹ ṣáà ní kó dé ọ̀dọ̀ wa kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la." Ó pa fóònù.

Lorraine pa iná. "Jókòó."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Mo ní kí o jókòó."

Ó jókòó. Ó ní níbi ìdánrawò ìgbà ìrúwé, èèyàn gìrìwò kan ṣubú lé òun lẹ́sẹ̀, òun sì gbọ́ nǹkan nínú orúnkún bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya. Ọ̀gbẹ́ni Pruitt tó ń tọ́jú eléré wá, ó na ẹsẹ̀ náà, ó bi òun bóyá òun lè rìn. Òun ní òun lè rìn. Òun sì rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà òun ṣì ru akoto àwọn ẹ̀gbọ́n mẹ́ta kúrò lórí pápá, bí gbogbo ẹni tuntun ṣe ń ṣe.

"Èé ṣe tí o ò lọ sí yàrá ìtọ́jú wọn?"

"Ẹni tuntun kì í débẹ̀, Màmá. Bí kóòṣì bá rí ẹ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó tán nìyẹn, ẹlòmíràn ti gba àyè ẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ẹ̀gbọ́n kọ́ wa nìyẹn. Yìnyín òtẹ́ẹ̀lì tí à ń gbé ni mò ń dì mọ́ ọn."

"Ó ṣì ń dùn ẹ́?"

"Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn."

"Aṣojú rẹ mọ̀?"

Ó mi orí pé rárá.

Lorraine na ọwọ́. "Kó gbogbo ìwé yẹn wá." Nígbà tí ó kó wọn dé, ó tò wọ́n sórí tábìlì bí káàdì. "Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ lóṣù karùn-ún, orúnkún wà níbẹ̀?"

"Rárá."

"Toṣù keje?"

"Òun ló wà níbẹ̀."

"Èyí ńkọ́?" Ewé kan péré ni, èyí tí ẹnikẹ́ni tí kò tíì ní àdéhùn máa ń fọwọ́ sí kó tó dánrawò. Ó kà á sókè, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó bá farapa lórí pápá wọn, ẹgbẹ́ yóò bá a ṣàdéhùn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Ó gbé ojú sókè. "Wọ́n rí i pé o ṣubú. Wọ́n rí i pé o dákẹ́. Ká ní o sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọrùn wọn ni ẹrù orúnkún yẹn ì bá wà. Ní báyìí wọ́n fẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbà á padà, wọ́n tún ń pè ọ́ ní olójúkòkòrò! Ẹni tó jẹ gọ́ńbò mi ni o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù," ni Dub wí. "Bó bá sọ ọ́ báyìí, gbogbo àwọn ẹgbẹ́ yòókù á gbọ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àbùkù. Wọ́n lè má fọwọ́ kàn án mọ́ láé. Kó fọwọ́ sí i, kó máa gbàdúrà."

"Ìwọ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ ní ilé iṣẹ́ bébà, o ò fẹ́ kí ọ̀gá bínú, o dákẹ́. Kí ni wọ́n fún ẹ?"

Dub wo ọwọ́ rẹ̀. "Tòlótòló kan."

"Nígbà wo?"

"Nígbà Kérésì. Èyí tó dì bíi yìnyín ni." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Marquell rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ó bá dákẹ́, yóò wà lórí pápá lọ́la pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí di ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá tún ṣubú lé e. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó lè má tún wọ akoto mọ́. Ó wo ewé kan péré tó wà níwájú ìyá rẹ̀. Orúkọ òun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, orúkọ Haskell ló tẹ̀ lé e. Ó mú fóònù, ó pe Gil Rademacher, aṣojú rẹ̀.

"Ọmọ mi!" ni Gil kígbe. "Mo fẹ́ pè ọ́ ni. Wọ́n ti rọ̀ díẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́ nìkan ni gbólóhùn yẹn máa fi ṣiṣẹ́. Fọwọ́ sí i, kí o wọ bàálù ìrọ̀lẹ́ yìí."

"Ọ̀gá Gil, Haskell ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìyá mi ni."

"Ó pe ta ni? Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é! Èmi ló yẹ kó..."

"Ẹ mú bébà, ọ̀gá. Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún yín. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀. Orúnkún òsì."

Ohùn Gil lọ sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó lè tẹ̀yìn èyí yọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi wá dókítà tí kì í ṣe tiwọn."

"Ta ló rí i lọ́jọ́ náà?"

"Pruitt. Òun ló na ẹsẹ̀ mi."

Marquell dìde, ó ń lọ sídìí fèrèsé níbi tí fóònù ti ń gbọ́ dáadáa. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti dé ilé, ó ti ń fi ọgbọ́n tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má baà fura. Lọ́tẹ̀ yìí, lójú Lorraine àti Dub, ó tiro láìfi pamọ́.