Kìnnìún Tó Kúrò Lẹ́yìn Ṣíbí

Ẹ̀rù ìwé ń ba Abíọ́nà, ìdí ìwé náà ni wọ́n sì fi í sí. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí bébà kan ní Ọ̀yọ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó bá òun kọ ọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, akódà kóòtù dé, ó mú un lọ jẹ́rìí sí ẹjọ́ ilẹ̀ kan. Kò mọ ilẹ̀ náà, kò mọ àwọn tó ń jà sí i. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ kọ nǹkan, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, á wo ẹnu ọ̀nà, á wá ti gègé bọ inú tàdáà bí ẹni tó ń ti ìka bọ ihò ejò.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo agboolé Àjàgbé ní Ìsẹ́yìn, òun nìkan ló lọ sí ilé ìwé ìjọ, ọdún méjì péré. Àjàgbé sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Àjàgbé ti ta aṣọ òfì dé Ìlọrin, ó tà á dé Ìbàdàn, ọwọ́ rẹ̀ wá tó nǹkan, ló bá bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nílùú: ó ń ra àwo àti ṣíbí fàdákà àtijọ́ àwọn Òyìnbó. Bí Òyìnbó kan bá ń padà sílé wọn pátápátá, tó ń ṣe gbàǹjo ẹrù rẹ̀, Àjàgbé á ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Àwọn ẹlòmíràn á máa du bẹ́ẹ̀dì, wọn á máa du àga. Òun, ṣíbí ni.

“Ṣé a ò ní ìka mọ́ ni?” Ẹfúnwùmí, ìyálé ilé, ló bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀kẹrìnlá wọlé.

Àjàgbé gbé ṣíbí náà sí ìmọ́lẹ̀. “Aṣọ tí bàbá mi hun dà? Kòkòrò ti jẹ ẹ́. Èyí tí èmi náà ń hun, yóò gbó. Ẹni tó lu fàdákà yìí ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì nìyí, orúkọ rẹ̀ nìyí lẹ́yìn rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ máa wò.”

“Ẹ máa wò ó,” ni Ẹfúnwùmí wí. “Àwa á máa fi ọwọ́ wa jẹ ọkà.”

Àlùfáà ìjọ kan tó ń kọjá lọ sí Ṣakí ló là á yé Abíọ́nà pé wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ kéékèèké sẹ́yìn fàdákà nílùú Òyìnbó. Kìnnìún tó ń rìn ń jẹ́rìí pé fàdákà ni, kì í ṣe tánńganran. Orí ẹkùn ń sọ ìlú tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà méjì ni orúkọ alágbẹ̀dẹ tó ṣe é. Nígbà tí Abíọ́nà sọ ọ́ fún Àjàgbé, kò yà á lẹ́nu rárá.

“Ilà ojú ni,” ló wí. “Kò jẹ́ kí ọmọ sọnù.”

Ni wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ àpótí kọ́ Abíọ́nà lọ́rùn, wọ́n sì gbé ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa kan lé e lọ́wọ́, pé kó máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rà. Èyí tí kò bá mọ orúkọ rẹ̀, á júwe rẹ̀. Ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń mú ṣúgà, ó kọ ọ́ pé: “Ó dà bí àkeekèé, kò ní ìrù.” Ohun kan tó ní eyín méje bí òòyà, ó kọ ọ́ pé: “Ẹnikẹ́ni kò mọ ìlò rẹ̀. Ìyá Mùílì ilé wa fi òwú kọ́ ọ, mo gbà á padà.” Ẹ̀rù sì ń bà á kí ẹnì kan má lọ pààrọ̀ nǹkan kí wọ́n ní òun ni. Nítorí náà, á tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sórí ìwé, á fi gègé tọ etí rẹ̀ yíká. Á ya òǹtẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Á fi èékánná lù ú, á kọ bó ṣe ń ró. Èyí tó jẹ́ ọba gbogbo wọn, ohun tó kọ nípa rẹ̀ rèé:

“Ẹ̀kejìdínlógún. Ṣíbí ọbẹ̀ ńlá. Gbàǹjo Òyìnbó Agùntáṣọọ́lò la ti rà á. Kìnnìún wà, orí ẹkùn wà, T àti W wà. Etí òsì rẹ̀ tẹ̀, bí ẹni pé ọmọdé ge é jẹ. Ó ń ró títí mo fi ka mẹ́sàn-án. Akọ ni.”

Ní ọdún kejì tí rélùweè dé Kánò, iṣẹ́ kan dé láti Ìbàdàn. Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní Olójú Dígí, nítorí dígí kan tó so mọ́ okùn, tó máa ń há sójú kan bó bá fẹ́ wo nǹkan fínnífínní. Òun náà ń kó fàdákà àtijọ́ jọ. Ó gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn tó ń kó tàwọn baba ńlá òun jọ, ó ní lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i.

“Abíọ́nà,” ni Àjàgbé wí, “nù wọ́n kí wọ́n mọ́. Ojú ò gbọdọ̀ tì mí.”

Ọ̀rọ̀ ojú títì yẹn nìkan ni Abíọ́nà gbọ́. Ó fi eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n, wọ́n dán, ṣùgbọ́n dúdú kan ṣì wà lẹ́yìn wọn nínú àwọn ihò òǹtẹ̀, kò sì lọ. Ó ní irú ìdọ̀tí wo lèyí tó lè kó bá ni báyìí? Ó rántí ìyá rẹ̀ àti igbá rẹ̀, bó ṣe máa ń fi ewé eépín ha igbá títí yóò fi máa dán bí iwájú orí ọmọ tuntun. Ló bá lọ já ewé eépín wá, ẹrù kan gbáko. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ha ẹ̀yìn wọn. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ń kọrin pàápàá.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, ó ṣí ìwé rẹ̀ láti yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé ṣíbí ọbẹ̀ ńlá. Kìnnìún dà? Ó gbé e sí oòrùn. Ó yí i padà, ó tún yí i padà. Ó wolẹ̀, bí ẹni pé ẹranko náà bọ́ sílẹ̀ ni.

“Ọkọ mi Akọ̀wé,” ni Ẹfúnwùmí ké láti ìdí ààrò, “kí lẹ ń wá nílẹ̀?”

“Kò sí.”

“Kò sí ọ̀hún náà lẹ ti ń wá láti àárọ̀?”

Mẹ́fà nínú wọn ni òǹtẹ̀ ti pa rẹ́ lára wọn, tí ẹ̀yìn wọn dán bọ̀rọ́. Abíọ́nà jókòó. Ọrùn tirẹ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní kìnnìún wà, ṣíbí ní kò sí. Ta ni yóò wò ó tí kò ní sọ pé ó ti ta ojúlówó, ó ti fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀? Olè, nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójú Òyìnbó! Ó ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ akódà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó fi ṣíbí náà sábẹ́ agbádá, ó gbé ìwé, ó sáré tọ Ràsáàkì lọ, alágbẹ̀dẹ fàdákà, ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń ṣe ẹ̀gbà àti òrùka.

“Ràsáàkì, jọ̀ọ́, bá mi fi kìnnìún sí i.”

“Kìnnìún báwo?”

“Kékeré.”

“O ti rí kìnnìún rí?”

“Rárá. Ìwọ ńkọ́?”

“Bàbá mi rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà Komu. Kò dúró wo ìyókù.”

Abíọ́nà ṣí ìwé síbi tó ya òǹtẹ̀ náà sí. Ràsáàkì tẹ̀ ba lé e, ó pẹ́.

“Ta ló ya ewúrẹ́ yìí?”

“Kìnnìún ni!”

“Ó ní irùngbọ̀n.”

“Gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ nìyẹn.”

“Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹni tó fẹ́ já ewé ẹ̀gẹ́ jẹ.”

“Bó ṣe wà lára wọn nìyẹn, Ràsáàkì, má pa mí.”

“Ohun tí mo bá rí ni mo máa gbẹ́ o,” ni Ràsáàkì wí. “Má padà wá sọ pé mi ò wí.”

Ilẹ̀ ti ṣú kó tó parí ẹyọ kan yẹn. Márùn-ún tó kù wà bẹ́ẹ̀, wọn ò nílà.

Olójú Dígí dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ lórí ẹṣin, òun àti ògbufọ̀ rẹ̀, Bàṣírù. Wọ́n tẹ́ aṣọ òfì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n to fàdákà lé e. Òyìnbó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó tún sọ̀rọ̀.

“Ó ní ẹ kú ilé,” ni Bàṣírù wí.

Òyìnbó gbé ṣíbí ọbẹ̀ ńlá, ó yí i dojú bolẹ̀, ó há dígí sójú. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Bàṣírù wo Àjàgbé, ó wo ilẹ̀. “Ó ní... ewúrẹ́ ni.”

Abíọ́nà ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ilẹ̀. “Mi ò tà á! Mi ò tà á o! Ewé eépín ni!”

“Kí ni ewé eépín ṣe?” ni Àjàgbé bèèrè.

Ó sọ ọ́. Ó ń kálòlò, ó ń dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọ̀nà Komu. Àjàgbé gba ṣíbí náà, ó fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn rẹ̀.

“T àti W ńkọ́?”

“Wọ́n... wọ́n bá a lọ.”

“Ọkùnrin tó ṣe é yẹn ò ní nǹkan mìíràn láyé mọ́, Abíọ́nà. Lẹ́tà méjì yẹn ló kù fún un.” Kò pariwo. Ìbá sàn fún Abíọ́nà ká ní ó pariwo.

Òyìnbó tún sọ̀rọ̀. Bàṣírù ní, “Ó ní báwo la ṣe mọ̀ pé ṣíbí yẹn gan-an nìyí? Ó ní àwọn tó ń pààrọ̀ fàdákà pọ̀ nílùú àwọn náà.”

Ìbéèrè tí Abíọ́nà ti ń sá fún láti àná nìyẹn. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé ó ní ìdáhùn rẹ̀. Ó ti ìwé náà síwájú láì dìde. “Ẹ gbé e lé àwòrán rẹ̀.”

Wọ́n gbé e lé e. Etí òsì tó tẹ̀ bọ́ sínú ìlà tàdáà bí ẹsẹ̀ tó bọ́ sínú bàtà rẹ̀.

“Ẹ lù ú, kẹ́ ẹ kà á. Mẹ́sàn-án ni.”

Àjàgbé fi èékánná lù ú. Gbogbo ilé ń kà. Wọ́n dé méje, àkùkọ kọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹfúnwùmí dìde lé àkùkọ dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Olójú Dígí dẹ etí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Mẹ́fà, méje, mẹ́jọ. Ní mẹ́sàn-án, ohùn náà kú.

Òyìnbó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bàṣírù ka ìwé náà fún òun, nígbà tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ àkeekèé tí kò ní ìrù, dígí jábọ́ lójú rẹ̀. Ó tọ́ka sí ohun eléyín méje.

“Ó ní búrẹ́dì ni wọ́n máa ń fi sáàárín rẹ̀, kó lè dúró,” ni Bàṣírù túmọ̀.

“Ṣé búrẹ́dì tiwọn máa ń sá lọ ni?” ni Ẹfúnwùmí bèèrè. Bàṣírù kò túmọ̀ ìyẹn.

Kí Òyìnbó tó gun ẹṣin, ó ní àwọn mẹ́fà yẹn kò ní ẹlẹ́rìí mọ́ nílùú òun, ṣùgbọ́n òun bẹ Àjàgbé, kó ta èyí tó ní ewúrẹ́ fún òun.

“Sọ fún un pé kì í ṣe títà,” ni Àjàgbé wí. “Àbùkù ilé wa ni, ilé wa ni yóò gbé.”

Nígbà tí eruku ẹṣin rọlẹ̀, Àjàgbé na ọwọ́. “Kọ́kọ́rọ́.”

Abíọ́nà bọ́ ọ lọ́rùn. Àjàgbé fi í lé Ẹfúnwùmí lọ́wọ́. “Abíọ́nà, láti òní, o ò gbọdọ̀ nu ohunkóhun nínú ilé yìí mọ́. Ìdí ìkòkò pàápàá, jẹ́ kó dúdú.”

“Ìwé ńkọ́?” ni Abíọ́nà bèèrè. Ó ti nà án síwájú tán, ó ń retí pé wọn yóò gba ìyẹn náà, kára lè tu òun.

Àjàgbé ti ìwé náà padà sí i láyà. “Inú rẹ̀ nìkan ni orúkọ ọkùnrin yẹn wà báyìí. Jókòó. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀.”

Ó jókòó. Ó wo ẹ̀yìn. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó ti gègé bọ tàdáà, ó kọ ọ́ pé:

“Ẹ̀kejìdínlógún. Kìnnìún ti lọ. Orí ẹkùn ti lọ. T àti W ti lọ, ojú ewé yìí ni wọ́n wà. Ewúrẹ́ kan dé, Ràsáàkì ló gbẹ́ ẹ. Èmi tí mo ha á ni Abíọ́nà.”

Ó wo orúkọ náà. Láti ọjọ́ Ọ̀yọ́, kò tíì kọ ọ́ síbì kankan. Ó dúró díẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀. Akódà kankan kò wá.

Ẹfúnwùmí ti yọjú lé e léjìká, kọ́kọ́rọ́ ń ró lọ́rùn rẹ̀. Abíọ́nà ka ohun tó kọ sí i létí.

“Ọkọ mi Akọ̀wé, irọ́ lẹ kọ síbẹ̀ yẹn.”

Ó tún wo ẹnu ọ̀nà. “Èwo?”

“Ewúrẹ́ kọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ rèé. Òbúkọ ni.”

Abíọ́nà gbé ṣíbí náà sí oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ó ti gègé bọ tàdáà, ó tún un kọ.