Orúnkún Falefatu Lójú Àwùjọ Dókítà

Ọdún kẹrin rèé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Clive Ormsby ti ń gbé àwọn àwòrán ìkọ́ni kan náà wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Savai'i, erékùṣù kan ní Samoa, láti wá kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì nípa làkúrègbé àti gbogbo àìsàn oríkèé, kò sì sí ọdún kan tó yí ọ̀rọ̀ padà nínú wọn. Ẹ̀fẹ̀ tó ṣe lọ́dún kìíní nípa ọba òyìnbó kan tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, òun náà ló ṣe lọ́dún kejì, òun náà ló ṣe lọ́dún kẹta. Àwọn dókítà á rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí wọn ò ní rẹ́rìn-ín? Ẹni tí kò bá jókòó dé ìparí kò ní gba ìwé ẹ̀rí, ẹni tí kò bá sì ní ìwé ẹ̀rí, ìjọba ò ní fún un láṣẹ iṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ní ó ṣe é ṣe kí dókítà gbàgbé ìwé, nítorí náà ó yẹ kó máa padà sílé ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n Pelenatete, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti lo ọdún mọ́kànlélógún nílé ìwòsàn náà, kì í pe ti Ormsby ní ẹ̀kọ́. Oúnjẹ ọ̀sán Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń pè é.

Oúnjẹ náà sì dùn lóòótọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi òkúta gbígbóná yan, kókò, ewé kókò tí wọ́n fi omi àgbọn sè, àwọn obìnrin ìjọ ló ń jí sè é láti ìdájí. Ọ̀jọ̀gbọ́n á fi wákàtí mẹ́ta ṣàlàyé pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí bíà ló ń ba oríkèé àwọn ará erékùṣù jẹ́. Bí ó bá ti parí, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé àwo. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Lọ́dún yìí, ó kọ̀wé sílẹ̀ kó tó dé pé òun fẹ́ aláìsàn gidi tí òun máa fi kọ́ wọn, kí wọ́n lè rí bí àgbà oníṣègùn ṣe ń wádìí gáòtù, làkúrègbé tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀, kí wọ́n sì rí bí ó ṣe ń gún oríkèé lábẹ́rẹ́. Dókítà Vaifale, ọ̀gá ilé ìwòsàn, wá aláìsàn náà títí. Ọjọ́ Ajé, tí ẹ̀kọ́ ku ọ̀la, ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Malaea gbé ọkọ rẹ̀ wá, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wú bí àgbọn. Inú Vaifale dùn bí ẹni rí ẹran ọdún.

Falefatu lorúkọ ọkọ náà. Òun ni agbẹnusọ abúlé rẹ̀, ẹni tó ń dìde sọ̀rọ̀ bí àlejò bá wọ̀lú tàbí bí òkú bá kú. Pelenatete ló kọ káàdì rẹ̀. Ó wọn ara rẹ̀, ó gbóná. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí ojú ọgbẹ́ kan tó ti pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ pupa.

"Ọlọ́lá, kí ló gé yín?"

"Òkúta inú òkun ni. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá. Kò dùn mí mọ́."

"Orúnkún yìí ńkọ́, ṣé ó ti ṣe yín báyìí rí?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò ṣe mí rí."

"Ẹ máa ń mutí?"

"Díákónì ni mí, ìwọ ọmọ yìí. Ṣé o fẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́ ni?"

Pelenatete gbé káàdì lọ bá Vaifale. Ó ní, "Dókítà, ẹsẹ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù. Ọyún ló jọ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fa omi rẹ̀ wò lónìí."

Vaifale kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Pelenatete, ọjọ́ wo lo di dókítà? Orúnkún wú, ó gbóná, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Gáòtù ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló máa wò ó lọ́la. Fún un ní oògùn ìrora, má fún un ní nǹkan mìíràn, kó má lọ sàn kí wọ́n tó rí i."

"Ó dáa, dókítà," ni Pelenatete wí.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe mọ́, gbọ̀ngàn kún. Dókítà wá láti Apia, olú ìlú, nọ́ọ̀sì wá láti gbogbo agbègbè. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn lára ògiri, ó ka á sókè bí ẹni tí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ò mọ ìwé. Nígbà tó dé àwòrán kejìlélógún, ó ka á ketekete pé: bí oríkèé kan ṣoṣo bá wú tó sì gbóná, ẹ má fi oògùn kankan sínú rẹ̀ àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fa omi inú rẹ̀ wò. Gbogbo ènìyàn kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé aláìsàn wọlé.

Wọ́n ti Falefatu wọlé lórí kẹ̀kẹ́. Ó ti múra, ó ró aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó fi òróró pa irun. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Pelenatete dìde, ó ní òun máa túmọ̀ ọ̀rọ̀.

"Kò pọn dandan," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Ẹ rí i? Ó ń gbọ́."

Ó ń gbọ́ kẹ̀! Gẹ̀ẹ́sì tí Falefatu mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń ra ẹja inú agolo lọ. Ṣùgbọ́n ó ti fi ogójì ọdún gba àlejò lálejò, ó sì mọ̀ pé ènìyàn kì í sọ "rárá" fún àlejò láàárín àwùjọ. Àlejò tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ti fi ohun tó fẹ́ gbọ́ hàn lójú, ọmọlúwàbí á sì fún un. Gbogbo ará Samoa tó wà ní gbọ̀ngàn yẹn ló mọ èyí, wọ́n mu ún mọ́ ọmú ìyá wọn ni. Síbẹ̀ wọ́n jókòó, wọ́n mú bírò dání, wọ́n ń wo Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu bí ọmọ ilé ìwé.

"Ṣé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ ló kọ́kọ́ dùn ọ́ lọ́dún tó kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Tí o bá jẹ ẹran púpọ̀, tí o mu bíà, ṣé ó máa ń dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Díákónì ló ń sọ̀rọ̀ yìí o.

"Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí àwùjọ, inú rẹ̀ dùn. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi, bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. Kò sí ìdí tí a ó fi máa fi àkókò ṣòfò." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, nítorí òórùn ẹlẹ́dẹ̀ ti ń wọlé. Ó mú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fa oògùn sí, oògùn tó máa ń pa ìwú, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé tí ọyún bá wà nílẹ̀, ńṣe ló máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Àwòrán kejìlélógún ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Òun tó kọ ọ́ kò wo ẹ̀yìn.

Ìbínú ru sí Pelenatete lórí. Kì í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló ń bí i nínú, àwọn ọgọ́ta ènìyàn tó jókòó bí àpò kókò ló ń bí i nínú jù. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní "ẹ dúró," Vaifale á ní kí òun jókòó, wọn ó sì gún ọkùnrin yìí. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í ní ìbéèrè kan."

"Kí ni?"

"Ẹ bi í pé ṣé nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá déédéé."

Vaifale dìde díẹ̀ lórí àga. "Pelenatete, ṣé orí rẹ pé? Jókòó!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó ṣẹ́jú sí àwọn dókítà Apia bí ẹni pé kí wọ́n wá wo ọ̀dẹ̀. "Nọ́ọ̀sì wa fẹ́ mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni, nǹkan oṣù rẹ, ṣé ó ń wá déédéé?"

Falefatu tẹrí ba. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ń wá déédéé."

Ẹ̀rín tó bú nínú gbọ̀ngàn yẹn, àwọn obìnrin tó ń sè oúnjẹ yọjú lójú fèrèsé. Dókítà ọ̀dọ́ kan láti Apia, tí kò ní àpọ́nlé, fi èdè wọn pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, wọ́n ní ṣé ẹ ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ ní ó ń wá!" Ẹ̀rín tún bú. Falefatu wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹni tí gbogbo abúlé ń dákẹ́ fún tó bá dìde, ó wá sorí kodò lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko olóko.

Pelenatete kò rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dá yín lóhùn nínú gbogbo ìyókù," ó ní. "Kò ní gáòtù rí. Kì í mutí. Ara rẹ̀ ń gbóná láti àná, ẹ wo ojú ọgbẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn, ẹ̀yin lẹ ní ká má ṣe é. Ó wà lára ògiri lẹ́yìn yín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ẹ̀yìn. Etí rẹ̀ pọ́n. Ó gbé abẹ́rẹ́ tọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó mú èyí tó ṣófo, ó fi fa omi inú orúnkún náà. Ohun tó jáde wá ki, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀kọ mímu tó ti kan. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n sáré gbé Falefatu lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, Vaifale àti Pelenatete sì fi gbogbo ọ̀sán fọ orúnkún náà, wọ́n fi oògùn sí i nínú iṣan.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe? Ó jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó dìde, ó ní ohun tí òun mọ̀ọ́mọ̀ fi hàn wọ́n láàárọ̀ ni pé dókítà tó gbọ́n gbọ́dọ̀ máa fi ìbéèrè ẹ̀tàn dán aláìsàn wò. Wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pín ìwé ẹ̀rí. Vaifale, tí òun náà wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án, gba tirẹ̀. Wọ́n ní Pelenatete kò sí níbi ẹ̀kọ́ ọ̀sán, àti pé òfin lòfin. Ó ní kí wọ́n lọ fi ìwé ẹ̀rí wọn dáná ẹlẹ́dẹ̀ tó kù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, oníṣẹ́ abẹ kan wá láti Apia. Ó ní ẹ̀mí Falefatu ti là, wọn ò ní gé ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n orúnkún náà kò ní ká mọ́. Ọyún ti jẹ nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín egungun. Ó ní bó bá ṣe pé wọ́n tètè fà á ní ọjọ́ kan ṣáájú ni, ọ̀tọ̀ lohun tí òun ì bá máa sọ. Níbi tí Falefatu àti àwọn olóyè yòókù ti ń jókòó lórí ẹní, ńṣe ni wọ́n ń ká ẹsẹ̀ jókòó. Ẹni tó bá na ẹsẹ̀ sí àwùjọ, ó bú wọn ni.

Pelenatete wá pààrọ̀ aṣọ ojú ọgbẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ gbọ̀ngàn, ọkùnrin náà kò bá a sọ̀rọ̀. Malaea ló ń dáhùn fún un. Lónìí, ó ní kí Malaea bọ́ síta.

"Ẹ má bínú sí mi nítorí ìbéèrè yẹn, Ọlọ́lá," ni Pelenatete wí. "Òmùgọ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, òmùgọ̀. Vaifale, ojo. Àwọn tó kù, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n wá jẹ. Mi ò rí ọ̀nà mìíràn."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ọyún ni?"

"Ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ yín."

"O sọ fún ọ̀gá rẹ?"

"Mo sọ. Ó ní ká dúró de Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Ìwọ wá ní kí ni?"

Gbogbo èébú tó wà lẹ́nu Pelenatete gbẹ. "Mo ní, ó dáa, dókítà."

Falefatu rọra mi orí, bí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ àlejò. "Èmi náà, mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún," ó ní. "Ṣùgbọ́n orúnkún ara mi ni mo fi bọ̀wọ̀ fún un. Orúnkún ta ni ìwọ fi bọ̀wọ̀ fún tìẹ?"

Ó na ẹsẹ̀ sí i pé kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Pelenatete bẹ̀rẹ̀ sí tú aṣọ ojú ọgbẹ́ náà, kò sì rí ẹnì kankan bú.