Ìyá Lọ́pẹ́ Wá sí Ìsìn

Ọlọ́kadà já Ìyá Lọ́pẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ore, eruku ọ̀nà Omifunfun ti bo gèlè funfun rẹ̀. Ó nu ojú, ó fa ìró bo báńdéèjì ojúgun rẹ̀, ó sì tiro wọlé. Egbò náà ti pé ọdún mẹ́ta.

Oṣù mẹ́jọ rèé tí kò ti débẹ̀. Díákónì Abraham ló gbé fóònù ńlá kan wá bá a lóko.

“Màmá, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Inú èyí lẹ ó ti máa jọ́sìn. A ó jọ máa rí ara wa.”

Ó sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, á wẹ̀, á wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, á jókòó gbọnrangandan síwájú fóònù. Bí wọ́n bá ń kọrin, á dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń ro ó, kí wọ́n má baà rò pé ó ti ya ọ̀lẹ. Bí wọ́n bá ń túká, á juwọ́ sí wọn: “Ó dàbọ̀ o! Ẹ bá mi kí ilé!”

Lánàá, fóònù náà kú.

Tíṣà kan, Monílọ́lá, ló ń fi ìjókòó han àwọn èrò. Ó mú un lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé.

“Kí ló dé tí ẹ jáde, mà?”

“Fóònù ló kú, ọmọ mi. Mo ní kí ẹ má baà máa wá mi.” Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ rí aṣọ búlúù tí mo wọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Lọ́pẹ́ ló fi ránṣẹ́.”

“Níbo la ti máa rí i?”

“Nínú fóònù.”

Monílọ́lá wò ó. Irọ́ kékeré kan ìbá tó láti tù ú nínú.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ ń rí wa. Àwa kì í rí yín. Kò sẹ́ni tó ń rí yín rárá.”

“Díákónì ní...”

“Díákónì fẹ́ kí ẹ jókòó sílé ni. Òórùn ẹsẹ̀ yín ń lé èèyàn. Gbogbo wa la pawọ́ pọ̀ ra fóònù yẹn.” Ó bá a tún gèlè rẹ̀ ṣe, bí ẹni ń kẹ́ ẹ. “Abẹ́ igi wà níta, mà. Ẹ ó máa gbọ́ ìwàásù níbẹ̀.”

Ìyá Lọ́pẹ́ kò dìde. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń tì í lójú; bó ṣe ń juwọ́ nínú yàrá òfìfo ni. Wọ́n ní ẹni tí a ó sun jẹ kì í fepo para. Òun ti para, ó tún dúpẹ́.

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà ń ṣí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku òun nìkan. Díákónì Abraham ló wàásù. Ó ní ẹni tó bá ya ara rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ará ti ń kú lọ. Ó rí Ìyá Lọ́pẹ́. Ojú rẹ̀ fò ó kọjá, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ka oore-ọ̀fẹ́, wọ́n ní kí kálukú di ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ìyá Lọ́pẹ́ na ọwọ́ òsì, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Obìnrin kan níwájú bojú wẹ̀yìn, ó sì yára yí i padà. Ìyá àgbà kò ká ọwọ́ kò títí wọ́n fi ṣe àmín.

Nílé, kò ni ẹnikẹ́ni lára láti má rí òun. Níbí, wọ́n ní láti kọ́kọ́ yíjú kúrò lọ́dọ̀ òun.