Bọ́tà Mẹ́rin fún Ẹnì Kọ̀ọ̀kan

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ti kó páálí àti ìwé àtijọ́ síta de ọkọ̀ akólẹ̀, Verna Kuchar á wọ bàtà òjò rẹ̀, á sì máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Kì í ṣe pé ó ń ṣa ilẹ̀. Ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú ló ń wá, nítorí inú rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń ki kúpọ́ọ̀nù sí, ìwé pélébé aláwọ̀ mèremère tí ènìyàn á gé, tí á mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n lè bá a yọ dọ́là kan tàbí ìdajì dọ́là kúrò lórí ohun tó rà. Ẹlòmíràn á wò ó fìrí, á jù ú nù. Lójú Verna, ẹni tó ju kúpọ́ọ̀nù nù, owó ló jù sígbó.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé ní ìlú kékeré yẹn, létí odò, ní ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania, níbi tí iléeṣẹ́ irin ti bọ́ gbogbo ìlú rí kó tó ti ilẹ̀kùn. Emil, ọkọ rẹ̀, wà lára àwọn tí ilẹ̀kùn náà tì mọ́ ìta. Ọdún yẹn gan-an ni Verna kọ́kọ́ mú sísọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, Emil rí iṣẹ́ mìíràn, ara sì tù wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì kò kúrò lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Ó ní fáìlì ńlá kan: ọṣẹ níwájú, kọfí láàárín, oúnjẹ ológbò lẹ́yìn. Wọn ò sì ní ológbò o.

"Kí la fẹ́ fi oúnjẹ ológbò ṣe?" Emil bi í lọ́jọ́ kan.

"Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi."

"Ìwọ obìnrin yìí, bí wọ́n bá fún ẹ ní pósí lọ́fẹ̀ẹ́, wàá gbé e wálé?"

"Ó dá lórí irú igi tí wọ́n fi kàn án," ni Verna wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò nídìí ìwé tó ń gé.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, Corinne fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Verna kọ́ ló bí Corinne. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú ni, ọwọ́ Verna ló sì dàgbà sí. Ní agbègbè wọn, ènìyàn lè ṣe ìgbéyàwó láìsí ọtí, ó lè ṣe é láìsí ijó, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n ṣe é láìsí tábìlì bísíkíìtì? Àwọn àǹtí ìyàwó àti àwọn àǹtí ọkọ ló máa ń fọwọ́ ara wọn yan án, oríṣiríṣi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n á tò ó láti igun gbọ̀ngàn kan dé ìkejì. Àlejò á jẹ, á tún di tirẹ̀ lọ sílé. Bó bá wá ku díẹ̀ káàtó, ogún ọdún ni ìlú á fi máa sọ ọ́.

"Àǹtí Verna, ẹ má da ara yín láàmú o," ni Corinne wí lórí fóònù. "Àǹtí Dino máa ṣe ìdajì. Òdìkejì odò ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní bísíkíìtì obìnrin yẹn dùn débi pé jíjí làwọn èèyàn ń jí i sínú báàgì."

Dino ni ọkọ àfẹ́sọ́nà Corinne. Verna rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

"Jíjí kẹ̀? Tèmi, ìjà ni wọ́n ń jà sí i."

Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bísíkíìtì ló kan Verna. Ó jókòó, ó ṣírò rẹ̀: bọ́tà nìkan, ogún páálí. Bọ́tà sì ti gbówó lórí bíi pé wúrà ni màlúù ń jẹ. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù Bartko kéde pé àwọn máa já owó bọ́tà wálẹ̀ ní Ọjọ́rú méjì léraléra, àti pé kúpọ́ọ̀nù dọ́là kan á di dọ́là méjì lọ́jọ́ méjèèjì. Ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bọ́tà lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn! Verna kó oúnjẹ ológbò rẹ̀, ó gbé e fún opó kan lójúlé kẹta tó ní ológbò méje, ó sì gba gbogbo kúpọ́ọ̀nù bọ́tà ilé obìnrin náà dípò rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ogún ti pé lọ́wọ́ rẹ̀.

Agogo méje àárọ̀ Ọjọ́rú ni Bartko ṣí. Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni Verna ti kẹ̀kẹ́ ìrajà dé ìdí bọ́tà. Obìnrin kan tó dé fìlà òwú pupa ti wà níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó bọ́tà bí ẹni tó ń kó ẹrù jáde nínú ilé tó ń jó. Páálí mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù lórí pẹpẹ.

"Ẹ káàárọ̀ o, màdáámú," ni Verna wí. "Ṣé ẹ fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ to màlúù náà padà ni?"

Obìnrin náà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ẹni tó bá tètè dé odò ló ń pọn omi tó tòrò."

"Ẹ pọn ọ́n nígbà náà, ẹ má gbé odò lọ."

"Ṣé bàbá yín ló ni ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Bàbá mi ò ni ín, àmọ́ mo mọ òfin ibẹ̀ ju ẹni tó kọ ọ́ lọ."

Kò parọ́. Verna gba ọ̀dọ̀ Wes, máníjà ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Wes ti di ẹni ọdún márùnlélógójì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì Verna ló gbé e lọ sílé ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀rù rẹ̀ ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Kò jáfara láti tẹ̀ lé e.

"Àǹtí Verna tọ̀nà, mà," ni Wes wí fún onífìlà pupa, ó ń họ orí. "Mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ó wà lára ògiri níbẹ̀ yẹn."

Onífìlà pupa wo Verna láti òkè délẹ̀, ó wò ó láti ilẹ̀ dókè. Ó mú bọ́tà mẹ́rin, ó kó ìyókù padà sórí pẹpẹ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbì, gbì, gbì. Kò tíì kó o tán tí Verna fi nawọ́. Ó ń to bọ́tà sínú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀: mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà...

"Àǹtí Verna," ni Wes wí jẹ́jẹ́. "Mẹ́rin."

"Wes, ṣé kì í ṣe èmi ni mo gbé ẹ—"

"Ẹ̀yin lẹ gbé mi, mà. Àmọ́ mẹ́rin ni."

Ẹ̀rín tí onífìlà pupa rín lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà nídìí ẹran gbọ́ ọ. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀!" ló wí, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kí Verna tó yíjú, àwọn oníbàárà mìíràn ti bo ìdí bọ́tà bí eṣú.

"Mẹ́rin péré?" ni Emil wí nígbà tó délé.

"Má bi mí."

"Mo rò pé ogún lo—"

"Emil, mo ní má bi mí."

Ní ọjọ́ Sátidé, Corinne pè wọ́n jọ sí ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn àǹtí méjèèjì lè mọra, kí wọ́n sì pín bísíkíìtì láàárín ara wọn. Verna wọ aṣọ tó dáa, ó gbé àwo bísíkíìtì alásálà kan dání. Emil ṣílẹ̀kùn fún un. Ìgbà náà ni mọ́tò kan dúró níta, tí fìlà pupa sì yọ jáde látinú rẹ̀.

Verna padà sẹ́yìn, ó tẹ ẹsẹ̀ Emil mọ́lẹ̀. "Mú mi lọ sílé."

"Kí ló dé?"

"Obìnrin bọ́tà ni."

"Obìnrin kí ni?"

Kò ráyè ṣàlàyé. Corinne ti fa obìnrin náà wọlé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Àǹtí Verna, ẹ wá kí àna yín! Philomena Tedesco, àbúrò ìyá Dino."

Àna! Ènìyàn kì í bú àna. Kì í fọlọ́pàá mú àna, Verna sì ti lọ pe máníjà sí tirẹ̀.

"A ti pàdé," ni Philomena wí.

"Ẹn-ẹ́n! Níbo?"

"Nídìí bọ́tà. Àǹtí ẹ mọ òfin gan-an ni."

Ojú Corinne lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì. Emil tó ti lóye ọ̀rọ̀ fà á lápá pé kó wá bá òun wá àwo. Ó ku obìnrin méjì pẹ̀lú bísíkíìtì alásálà láàárín wọn.

"Ẹ má bínú," ni Verna wí. "Ká ní mo mọ̀ pé Corinne lẹ ń rà á fún, ǹ bá bá yín ti kẹ̀kẹ́ yẹn délé ni."

"Tí kì í bá wá ṣe Corinne ńkọ́?"

Verna gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún nítorí pé òótọ́ ni. "Ojúkòkòrò ló ṣe mí," ló wí níkẹyìn. "Kì í ṣe òfin ni mo ń gbèjà. Mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ ni."

Philomena wò ó, ó fa àga, ó jókòó, ó sì ṣí fìlà rẹ̀. "Èmi náà ńkọ́? Láti agogo mẹ́fà ni mo ti dúró síta nínú òtútù yẹn. Àrùn oríkèé ti ká ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ kò, kò lè po ìyẹ̀fun mọ́. Ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbéyàwó. Mo ti ṣèlérí fún un pé kò sẹ́ni tó máa wo tábìlì yẹn tó máa mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ kò sí níbẹ̀."

Verna náà jókòó. "Àbúrò mi ni ìyá Corinne," ló wí. "Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tó ti lọ. Bísíkíìtì ẹ̀ ni mo fẹ́ yan, èyí tó máa ń fi jáàmù sí láàárín. Páálí bọ́tà mẹ́jọ ni ìyẹn nìkan máa jẹ."

Philomena mú ọ̀kan nínú bísíkíìtì alásálà, ó jẹ ẹ́, ó sì mú òmíràn. Lẹ́yìn èyí ló gbé báàgì rẹ̀ lé orí tábìlì, ó fa fáìlì kan yọ tó tóbi ju ti Verna lọ, tó sì ní bọ́tìnnì.

"Yéè!" ni Verna wí. "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n mú tèmi wá látinú mọ́tò."

Nígbà tí Corinne àti Emil padà dé pẹ̀lú àwo, kúpọ́ọ̀nù ti bo gbogbo tábìlì, wọ́n sì ń ṣe pàṣípààrọ̀ bí àwọn ọmọ tó ń ta ayò: àsálà fún ṣokoléètì, ṣúgà fún jáàmù. Verna pe Wes lórí fóònù, ó bi í bóyá mẹ́rin péré ni ènìyàn lè rà lójúmọ́ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Bartko, tàbí mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Wes lọ wò ó. Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni. Bartko sì ní mẹ́ta lẹ́bàá odò yẹn.

"Ẹni mélòó ni wá?" ni Philomena bèèrè. Àwọn obìnrin méjèèjì yíjú sí Emil lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gbà mí o," ni Emil wí.

Ní Ọjọ́rú kejì, ọkọ̀ Emil gbé wọn kiri. Ní ibikíbi tí wọ́n bá dé, oníkálukú á to ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú bọ́tà mẹ́rin. Káṣíà kan bi Emil pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ sè?" Ó ní, "Mi ò mọ̀ o. Wọ́n ní kí n dúró síbí ni."

Ní ṣọ́ọ̀bù kẹta, ẹ̀rọ kọ̀ kúpọ́ọ̀nù Philomena. Àná ni ọjọ́ ìlò wọn ti parí, kò sì wò ó dáadáa. Ojú tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáìlì rẹ̀, ìlà sì ń gùn sí i. Ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ pòṣé. "Ẹ̀yin ìyá yìí, nítorí dọ́là kan, ẹ jẹ́ ká lọ jàre!"

Verna tó wà ní ìlà kejì gbọ́. Ó kúrò lórí ìlà rẹ̀, ó fi kúpọ́ọ̀nù mẹ́rin tó ṣì dára lé Philomena lọ́wọ́. Ó wá wo ohun tí ọkùnrin náà gbé: agolo kọfí méjì. Ó ṣí àárín fáìlì rẹ̀, ó fa ìwé méjì yọ.

"Ẹ gbà, ọ̀gá. Dọ́là mẹ́rin nìyẹn máa yọ fún yín. Ẹ má pòṣé mọ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run yín."

Ọkùnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo Verna. "Ẹ ṣé, mà," ló wí.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi yan bísíkíìtì nílé Verna. Philomena ní ti Verna ti gbẹ jù. Verna ní ti Philomena ló tutù jù. Wọ́n jà lórí ṣúgà, wọ́n parí ẹ̀, wọ́n tún jà lórí ẹ̀. Emil ló jẹ gbogbo èyí tó bá fọ́, ó sì sanra.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tábìlì náà gùn débi pé àwọn tó wà ní ìparí rẹ̀ ń bi ara wọn léèrè ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìyá Dino jókòó sí àárín rẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ tó ti ká wà lórí itan, Philomena sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá mú ọ̀kan pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lòun ti kọ́ ọ. Àlejò ń yin obìnrin náà, òun sì ń dáhùn bí ayaba. Àkàrà òyìnbó ìgbéyàwó wà ní kọ̀rọ̀ kan, kò sẹ́ni tó kà á sí.

Nígbà tí ijó gbóná tán, Verna àti Philomena wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń fọ páànù. Corinne wọlé tòun ti aṣọ ìyàwó, bísíkíìtì oníjáàmù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí ó fi tán.

"Àǹtí mi," ló wí, "ti mọ́mì gan-an nìyí."

Verna sọ páànù kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ẹ̀rún bísíkíìtì kúrò lára aṣọ funfun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rún kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Philomena bu mẹ́fà sínú ìwé, ó dì í, ó sì kì í sí Corinne lọ́wọ́.

"Ó yá, ìyàwó wa," ló wí, "máa lọ jó, ọkọ ẹ ń wá ẹ."