Kọnkéré Ẹ̀yìnkùlé

Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jí. Ojú ọ̀run ti ṣú láti apá Yábàá wá, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ wà ní òkìtì òkìtì lẹ́nu géètì, símẹ́ńtì sì wà lábẹ́ ọ̀rá dúdú tó ti ya. Bí òjò bá fi lè rọ̀ kí Yẹ̀kínnì tó parí iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ sínú gọ́tà. Yẹ̀kínnì ni bíríkìlà wa. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá ti ń sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀, èmi kì í gbà á gbọ́.

Ilé tí bàbá ọkọ mi kọ́ sí Sùúrùlérè ni à ń gbé, ilẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju títì lọ. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni omi máa ń gbà wọlé, yàrá Pẹ̀lúmi, ọmọ mi, ló sì máa ń kọ́kọ́ wọ̀. A ó gbé fóòmù sórí tábìlì, a ó máa fi abọ́ gbọ́n omi títí apá á fi ro wá. Ọ̀rinrin yàrá náà ti kó ikọ́ bá ọmọ, ikọ́ tí kò gbóògùn. Ìdí nìyẹn tí èmi àti Níyì, ọkọ mi, fi pinnu pé a ó da kọnkéré yí ilé ká, kí ó ga díẹ̀, kí ó ṣe é jókòó sí bíi fàráńdà, kí omi sì máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Níyì wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo dúró ti àwọn òṣìṣẹ́.

Wọ́n ti da ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tán, ó ku ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Abọ́dúndé jáde sí wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, yàrá iwájú ló ń gbé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí a kò bá pè é sí. Àmọ́ lọ́jọ́ yìí, ó rìn lọ tààrà bá Yẹ̀kínnì.

"Yẹ̀kínnì, jọ̀ọ́, fi igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn sílẹ̀. Ẹ má da nǹkan kan síbẹ̀."

"Kí la fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe, Ẹ̀gbọ́n?" ni mo bi í.

"A lè gbin ewúro síbẹ̀."

Ewúro! Ọkùnrin tí kò fa koríko kan tu rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Yẹ̀kínnì họ orí. "Alàgbà, tá a bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an lomi máa gbà wọlé o. Wíńdò ọmọ ló kọjú sí."

"Páìpù wà nísàlẹ̀ ibẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n tún wí.

"Páìpù wo, Ẹ̀gbọ́n? Ṣebí iwájú ni gbogbo páìpù ilé yìí gbà."

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ṣe ń rí. Mo ti ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ó fẹ́ kọ́ yàrá síbẹ̀ ni, ó fẹ́ fi han èmi ìyàwó ilé pé àlejò ni mí. Ọmọ mi ń wúkọ́, òun ń du ilẹ̀. Mo fa fóònù yọ, mo pe Níyì, mo rò ó fún un.

"Ewúro kẹ̀?" Ó yà á lẹ́nu bó ṣe yà mí. "Ní kí wọ́n dà á jàre. Tí mo bá dé, màá bẹ Ẹ̀gbọ́n. Òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí o."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló kó mi láyà sókè. Afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rá kúrò lórí símẹ́ńtì. Kọnkéré tí wọ́n pò sílẹ̀ wà níbẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn ti ṣọ́bìrì, wọ́n ń wo ẹnu mi.

"Ìyá Pẹ̀lúmi, ẹ bá wa yanjú ẹ̀ kíákíá," ni Yẹ̀kínnì wí. "Kọnkéré ò mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣàríyànjiyàn o. Ó ti ń le."

"Ẹ máa dà á," ni mo wí. "Bàbá Pẹ̀lúmi ti ní kẹ́ ẹ dà á."

Wọn kì í da kọnkéré sórí ilẹ̀ tó rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gún un kí ó le. Táòfíkì, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, gbé irin wíwúwo tí wọ́n fi ń gún ilẹ̀, ó rìn lọ sí igun náà, ó sì gbé irin sókè.

"Má gún un!"

Ẹ̀gbọ́n Abọ́dúndé ló ké. N kò gbọ́ igbe rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà. Ó sáré gba orí kọnkéré tútù kọjá tòun ti bàtà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú. "Má gún ibẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé gan-an?" ni mo bi í. "Kí ló wà níbẹ̀? Ẹ sọ fún mi!"

Ó wo Yẹ̀kínnì. Ó wo Táòfíkì. Ó wo ojú ọ̀run. Kò wò mí. Mo ti rí ojú yẹn rí.

Kí n tó bí Pẹ̀lúmi, mo bí ọmọbìnrin kan. Kò tíì pé ọjọ́ tí à bá sọ ọ́ lórúkọ tó fi kú. Wọn kì í jẹ́ kí ìyá àti bàbá tẹ̀lé òkú ọmọ wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹbí ló ń gbé e lọ, òbí kì í sì í béèrè. Ìyá ọkọ mi kìlọ̀ fún mi nígbà náà pé ìyá tó bá mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀ kì í ní ìsinmi mọ́. Ẹ̀gbọ́n Abọ́dúndé ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó padà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé, erùpẹ̀ wà ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó sì wo gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá àfi èmi.

Èmi ti fi sọ́kàn pé Àtàn ni wọ́n gbé e lọ. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ tí mo wọ̀ bá ti ń sún mọ́ itẹ́ òkú Àtàn, màá yí ojú sí apá kejì, àyà mi á sì máa já títí a ó fi kọjá. Ọmọ mi kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé mi ló wà, lábẹ́ okùn tí mo ń sá aṣọ àbúrò rẹ̀ sí.

Mo fẹ́ wólẹ̀. Mo fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ náà. Ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n yóò mọ̀ pé mo ti mọ̀, ohun tí ó ti pa mọ́ sínú láti ọjọ́ yìí wá yóò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òjò kán sí mi lọ́rùn. Nínú ilé, Pẹ̀lúmi wúkọ́.

"Ìyá Pẹ̀lúmi, ṣé ká dà á?" ni Yẹ̀kínnì bi mí.

"Yẹ̀kínnì, tẹ́ ẹ bá to búlọ́ọ̀kù yí igun yẹn ká, ṣé omi ṣì máa wọ yàrá ọmọ?"

"Kò ní wọlé bíi tàtẹ̀yìnwá. Àmọ́ ògiri á ṣì máa rin díẹ̀díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín."

"Pẹ̀lúmi á máa sùn lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀."

Táòfíkì gbé irin rẹ̀ kúrò. Yẹ̀kínnì fi pákó kan dábùú ilẹ̀ láti fi sàmì sí ibi tí kọnkéré yóò dúró. Ẹ̀gbọ́n ṣì wà lórí ìdúró, kọnkéré ń gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo rọra wí, "ṣé àyè yẹn tó?"

Ó wá wò mí wàyí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wò mí títí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí pákó náà mú, ó sì sún un díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wíńdò kí àyè náà lè fẹ̀ sí i.

"Ó ti tó báyìí, ìyàwó wa."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, mo sì ní kí Yẹ̀kínnì máa da ìyókù.