Ọṣẹ Tó Wà Lókè Agbọ̀n

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ gbé agbọ̀n ọṣẹ yín kúrò lórí káńtà mi," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. Kò lè wo ojú ọlọ́ṣẹ.

Oṣù mẹ́jọ péré ni ọlọ́ṣẹ ti dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan ló sì kù tó ń bá a tà á. Bí ibí bá kọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ará òkè òkun yẹn ló kun ṣọ́ọ̀bù fún mi, àwọn ló ra fìríìjì. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ ta ọṣẹ ẹlòmíì. Èmi náà lọ́mọ nílé, àǹtí." Ó mú ọ̀kan nínú ọṣẹ wọn, ó jù ú sínú agbọ̀n ọlọ́ṣẹ. "Ẹ máa fi wẹ̀."

Ẹ ò rí ìwà! Wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn, wọ́n tún ta á lọ́rẹ.

Lójú ọ̀nà, ó ya bébà ara ọṣẹ náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọṣẹ tirẹ̀ ni, bó ṣe máa ń sè é gẹ́lẹ́. Ta ni yóò fẹjọ́ sùn? Òun náà kọ́ ló gbé àga fún àwọn ará òkè òkun náà nígbà tí wọ́n wá sọ pé àwọn fẹ́ fi owó ti iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn? Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn, ló bá fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n: bó ṣe ń sẹ́ omi eérú, bó ṣe ń ro epo mọ́ ọn, ìgbà tó yẹ kí iná dínkù. Ó tiẹ̀ fi ìyá rẹ̀ tí kò ríran mọ́ hàn wọ́n. Ọṣẹ kan kì í kúrò nílé àfi bí ìyá bá kọ́kọ́ fi wẹ̀. Tó bá ní kò dáa, wọn á tún un sè. Àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Owó kankan ò wá. Ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n kọ́ sí òdìkejì títì.

"Ọ̀dẹ̀ ni mí," ló ń sọ títí ó fi délé. "Ọ̀dẹ̀ paraku."

Ó gbé agbọ̀n sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí, ó lọ pọn omi. Kó tó dé, ìyá ti nawọ́ mú ọṣẹ tó wà lókè, ó ti hó sí i lápá. Ti àwọn ará òkè òkun ni. Ọlọ́ṣẹ la ẹnu láti sọ fún un.

"Dúró ná," ni ìyá wí. Ó fi pa ọrùn, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tún gbọ́ ọ. Ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. "Ọmọ mi! Òun gan-an nìyí! Látọjọ́ tó o ti ń ṣe é, o ò ṣe irú èyí rí. Gbé e lọ fún oníṣọ́ọ̀bù kílẹ̀ tó ṣú, kó má lọ rò pé tàtẹ̀yìnwá yẹn lo mọ̀ ọ́n ṣe mọ."

Ọlọ́ṣẹ bu omi, ó rọra dà á sí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ń wá ìbínú tó gbé bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, kò rí i mọ́. Ìyá rẹ̀ ti purọ́ fún un nípa nǹkan púpọ̀, títí kan ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Kò purọ́ fún un nípa ọṣẹ rí. Bó bá ní èyí ló dáa jù, òun ló dáa jù.